Bí ọ̀rọ̀ "àlejò" ṣe ń di òfin: láti Àbíjàn 1958 dé òde òní

Láàrin ọdún 1958 sí 1985, ó kéré tán ìgbà mẹ́fà ni wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò nílùú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, ìyẹn àwọn ará Dahomey tó di Bẹ̀nẹ̀ lónìí àti àwọn Yorùbá: ní Côte d'Ivoire ní 1958, ní Nìjẹ̀ ní 1963, ní Gáná ní 1969, ní Gàbọ́ọ̀nù ní 1978, ní Nàìjíríà ní 1983 àti 1985. Àwọn àgbà tí ojú wọn tó o kò tíì tán láàrin wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ ọ́ fún ọmọ, ẹrù tó sọnù ni wọ́n máa ń rántí, ọkọ̀ tó kún, omi tí kò sí lójú ọ̀nà. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà, ibi tó ti sọ ọ́, àti ohun tó ń wá, ìyẹn kì í sábà sí nínú ìtàn wọn. Òun ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọmọ ìta ló ń kórìíra àlejò, pé àwọn aláṣẹ ló ń bá wa pa iná ẹ̀. Nínú ìgbà mẹ́fà tí mo kà yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìgboro. Márùn-ún yòókù, àwọn tó wà lórí oyè ló jókòó, tí wọ́n pa àṣẹ, tí wọ́n sì fi ọlọ́pàá tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni ti Àbíjàn. Nígbà ìjọba Faransé, Dahomey ni ilé-ìwé ti tètè pọ̀, débi pé wọ́n ń pè é ní Quartier latin ilẹ̀ Áfríkà. Àwọn òyìnbó kó akọ̀wé àti tíṣà láti ibẹ̀ lọ káàkiri ilẹ̀ AOF. Ọmọ Àjàṣẹ́ tàbí ọmọ Wìdà ló jókòó sí ọ́fíìsì ní Àbíjàn, ọmọ ìlú ló tò síta tó ń dúró dè é. Ní 1956, òfin tí wọ́n ń pè ní loi-cadre fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti ní ìgbìmọ̀ ìjọba tirẹ̀. Bí ipò ti ń ṣí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tó ti kàwé ní Côte d'Ivoire ń bèèrè pé ta ló máa jókòó síbẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀, Ligue des originaires de Côte d'Ivoire. Ní oṣù kẹwàá 1958, oṣù kan lẹ́yìn référendum de Gaulle, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ilé àwọn ará Dahomey àti ará Tógò ní Àbíjàn, wọ́n ń kó wọn lẹ́rù, wọ́n ń lù wọ́n. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn tó sá kúrò, ọ̀pọ̀ wọn wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Kútọnu. Akọ̀wé tó ń gbowó oṣù tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sí ìlú tí kò ní iṣẹ́ tó máa fún un.

Ti Nìjẹ̀ àti ti Gàbọ́ọ̀nù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1963, ìjà Dahomey àti Nìjẹ̀ lórí Lété, erékùṣù kan láàrin odò Ọya, bọ́ sórí àwọn òṣìṣẹ́ Dahomey tó wà ní Nìjẹ̀: ìjọba Hamani Diori ní kí wọ́n máa lọ. (Ọdún 2005 ni ilé ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní La Haye tó dá ẹjọ́ Lété, ó sì fún Nìjẹ̀.) Ti Gàbọ́ọ̀nù, àwọn jagunjagun olówó ọ̀yà ló ya wọ Kútọnu ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 1977. Kérékou fẹ̀sùn kan Bongo, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà láàrin wọn níbi ìpàdé àwọn olórí Áfríkà ní Khartoum ní 1978. Bongo dé ilé, ó lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Bẹ̀nẹ̀ kúrò. Obìnrin tó ń dín àkàrà tà ní Libreville kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o.

Gáná ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀.

Àwọn Yorùbá ti ń lọ síbẹ̀ kó tó máa jẹ́ Gáná rárá. Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho, Ìnísà, Èjìgbò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá, wọ́n ń tajà ní Kumasi, ní Tamale, dé àwọn ìletò kéékèèké ìhà àríwá. Nínú ìkànìyàn 1960, nǹkan bí èèyàn méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọn kì í ṣe ọmọ Gáná, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Òfin kan sì wà láti 1963 tó ní kí àlejò gba ìwé ìgbélùú. Òfin náà sùn. Ìyá tó ń ta abẹ́rẹ́ àti òwú ní ọjà Tamale, ta ló ń bi í léèrè ìwé?

Ní oṣù kẹjọ 1969, wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ Progress Party wọlé, Kofi Abrefa Busia sì di olórí ìjọba. Gbèsè wà nílẹ̀, iṣẹ́ ò sí, ọmọ ìlú fẹ́ rí i pé nǹkan yí padà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n dìbò, ìjọba kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré: kó gba ìwé tàbí kó jáde.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ìjọba ò sọ pé Yorùbá ni mò ń lé, tàbí Hausa, tàbí ará Tógò. Ó ní òun ń mú òfin ṣẹ ni. Àmọ́ òfin tó ti sùn fún ọdún mẹ́fà ló jí lójijì, ọjọ́ mẹ́rìnlá sì ni wọ́n fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún èèyàn láti wá pápíyé tí ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ wọn rí. Ẹni tó bá fẹ́ kí àlejò máa jẹ́ arúfin, ọ̀nà kan náà nìyí: jẹ́ kí ó máa gbé láìní ìwé títí, kí o wá béèrè ìwé lọ́jọ́ tí kò lè rí i. Mo ti rí i nínú ìròyìn orílẹ̀-èdè púpọ̀ lẹ́yìn èyí, títí kan ilẹ̀ òyìnbó.

Àwọn tó ní ìsọ̀ ta ọjà ní àtàpàdánù. Owó tí wọ́n yá onílé kò ṣeé gbà, torí ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè ti mọ̀ pé ìwọ ń lọ, òun ń dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún èèyàn àti ibùsùn gba Lomé, ó gba Kútọnu kọjá lọ sí Nàìjíríà. Àwọn tó ka iye àwọn tó jáde kò fẹnu kò: àwọn kan ní 150.000, àwọn míì ní ó tó 500.000.

Ohun tó jẹ́ kí n máa fi Gáná kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn sí 1957, ọdún tí Gáná gba òmìnira. Nkrumah fẹ́ lé ọkùnrin méjì kúrò ní Kumasi, Alhaji Amadu Baba àti Alhaji Othman Larden Lalemie, olórí láàrin àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ta ko ìjọba ni wọ́n wà. Wọ́n ní ọmọ Gáná làwọn, wọ́n pẹjọ́. Kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀, ilé aṣòfin ti yára ṣe òfin kan tó dá orúkọ àwọn méjèèjì kọ, wọ́n sì kó wọn lọ sí Nàìjíríà. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ẹgbẹ́ alátakò, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí yẹn wà lára wọn, para pọ̀ di United Party. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ni Busia. Busia kan náà ni o. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ó sì ti fi ọdún púpọ̀ ṣe àlejò nílẹ̀ òyìnbó nígbà tó sá fún Nkrumah. Ọdún méjìlá lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn èèyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí àjèjì, ìjọba tirẹ̀ ló fi ọjọ́ mẹ́rìnlá sílẹ̀.

Kí ni Gáná rí níbẹ̀? Àwọn kan rí ìsọ̀ tó ṣófo, wọ́n bọ́ sínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbàṣe oko kòkó láti Haute-Volta, Tógò àti Nìjẹ̀ náà wà lára àwọn tó ń sá lọ, kò sì pẹ́ tí ìjọba fi tún jáde wá sọ pé kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kòkó dúró. Ní òpin 1971, wọ́n dín iye owó sédì kù gan-an. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1972, àwọn ṣọ́jà gba ìjọba lọ́wọ́ Busia.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé Nàìjíríà kéde tiwọn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá náà tún ni. Àwọn kan ń pè é ní ẹ̀san Gáná. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán: owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìdìbò sì ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Èèyàn tó ń lọ bíi mílíọ̀nù méjì ni ọ̀rọ̀ náà bá, ará Gáná ló pọ̀ jù, ará Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Nìjẹ̀, Chad àti Kamẹrúùnù náà sì wà níbẹ̀. Gáná ti ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò pa láti ọdún tó ṣáájú. Tógò ò fẹ́ kí gbogbo wọn ṣù jọ sọ́dọ̀ òun, Bẹ̀nẹ̀ náà ò fẹ́, ni èèyàn bá há sójú ọ̀nà. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ létí títì Sẹ̀mẹ̀ nígbà náà. Ó ní àwọn kan ń gbé omi fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan sì ń ta omi kan náà fún wọn, agbè kan ní iye tí wọ́n fi ń ra iṣu.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Èkó lọ́dún yẹn, ọmọ Kétu pọ́ńbélé. Ìgbà tí wọ́n bi í léèrè ibi tó ti wá, ó ní ará Mẹ̀kọ lòun. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Mẹ̀kọ àti Kétu, ọmọ ìyá ni wọ́n. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló fa ìlà sáàrin ilẹ̀ wa ní 1889. Ẹnìkejì rẹ̀ tó jẹ́ Gùn, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, tí wọ́n jọ ń rẹ́ igi, kò rí irú ohùn bẹ́ẹ̀ lò.

Côte d'Ivoire tún padà sínú ọ̀rọ̀ yìí, tìyẹn sì gùn ju gbogbo wọn lọ. Lábẹ́ Houphouët-Boigny, àlejò ń dá oko kòkó, ó sì ń dìbò: títí dé ìdìbò 1990, ará Áfríkà tó ń gbé ibẹ̀ máa ń dìbò bí onílé. Laurent Gbagbo àti àwọn alátakò yòókù figbe ta, wọ́n ní àlejò ni Houphouët ń kó lọ́wọ́ wọ yàrá ìbò. Kí n má purọ́, ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n bá ẹni tó kó wọn lọ́wọ́ jà, àwọn tí wọ́n kó lọ́wọ́ ni ìbínú bọ́ sí lórí. Owó kòkó ti já wálẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n gbé carte de séjour jáde, tí àlejò gbọ́dọ̀ máa sanwó gbà. Ẹni tó ń darí ètò ọrọ̀ ajé fún ìjọba, tó di Premier ministre ní oṣù kọkànlá 1990, ni Alassane Ouattara.

Houphouët kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1993. Henri Konan Bédié jókòó sí ipò rẹ̀. Ouattara náà fẹ́ ẹ. Ní ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣe òfin ìdìbò tuntun: ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ, ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire láti ìbí. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ kọ ọ́, torí wọ́n ti ń sọ pé Burkina ni ìdílé Ouattara ti wá. Bédié wá mú ọ̀rọ̀ kan jáde, ivoirité. Ó ní àṣà ìlú lòun ní lọ́kàn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì jókòó, wọ́n kọ̀wé láti fi ìmọ̀ tì í lẹ́yìn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí olùkọ́ lèmi náà.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá nítorí ọkùnrin kan kò dúró lórí ọkùnrin kan. Ẹni tó ń jẹ́ Coulibaly láti Korhogo, onílé ni, bàbá ńlá rẹ̀ ò tibì kankan wá. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ jọ ti ará Mali, Mùsùlùmí ni, Jùlá ló ń sọ. Ọlọ́pàá tó dúró lójú ọ̀nà á gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, á wò ó, á fà á ya. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àlejò ṣe di ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú tí kò jọ wá. Ní oṣù Kejìlá 1998, òfin ilẹ̀ tuntun ní ọmọ Côte d'Ivoire nìkan ló lè ní ilẹ̀ oko, nílùú tí ìkànìyàn ọdún yẹn ti fi hàn pé ó lé ní èèyàn kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ àlejò. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Burkina kúrò nínú oko wọn ní Tabou.

Ìyókù, ẹ ti gbọ́ ọ. Ṣọ́jà lé Bédié lọ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1999. Ọ̀gágun Gueï tó gba ipò, tó kọ́kọ́ ní òun kò fẹ́ ivoirité, tún fi í sílẹ̀ nínú ìwé òfin ìlú, wọ́n sì tún yọ Ouattara kúrò nínú ìdìbò 2000. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2002, ogun bẹ̀rẹ̀, ìlú pín sí méjì. Gbagbo ló wá fagi lé carte de séjour fún àwọn ará CEDEAO ní 2007, Gbagbo kan náà tó figbe ta ní 1990. Lẹ́yìn ìdìbò 2010, ìjà òun àti Ouattara pa nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn. Ouattara di ààrẹ.

Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ kan ní Àbíjàn yọ orúkọ Tidjane Thiam kúrò nínú ìwé àwọn olùdìbò, ó ní nígbà tó gba ìwé ọmọ ìlú Faransé ní 1987 ló ti pàdánù ti Côte d'Ivoire. Àbíjàn ni wọ́n bí Thiam sí. Olórí PDCI ni, ẹgbẹ́ Houphouët àti Bédié. Ààrẹ tó wà lórí oyè ni Ouattara, ó sì tún wọlé ní oṣù kẹwàá.

Àwa ńkọ́? Ní 1979, CEDEAO fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ìlú ọmọ ẹgbẹ́ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba fisà. Ìwé yẹn wà nílẹ̀ ní 1983, kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Mo máa ń ka gbogbo èyí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ mi. Lọ́dún tó kọjá, kí n tó dárúkọ ìlú kankan, mo kọ gbólóhùn mẹ́rin sójú pátákó: wọ́n ti pọ̀ jù, wọ́n ń ba nǹkan wa jẹ́, wọn ò ní pápíyé, kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Mo ní, ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Àwọn kan ní àwa aláwọ̀ dúdú ní Faransé ni. Ẹnì kan ní àwa ni, ní Àbíjàn. Ọmọkùnrin kan láti apá Ṣábẹ̀ẹ́ wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mùsíọ̀, Fúlàní ni, níbi ìpàdé ìdìbò tó kọjá lọ́dọ̀ wa." Ẹni tó ń wá ìbò ló sọ ọ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Mi ò ní sọ pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Màlúù ń jẹ oko, wọ́n ti pa àgbẹ̀, wọ́n ti pa darandaran, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ní òpin 2019, ìjọba wa fòfin de àwọn màlúù tó ń ti òkèèrè wọlé. Ẹjọ́ oko tí wọ́n jẹ, ó lórúkọ ẹni tó ni màlúù, ó ní iye àgbàdo tó bà jẹ́, ọba lè dá a, ilé ẹjọ́ lè dá a. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọlọ́jọ́ ìbò yẹn ò lórúkọ ẹnikẹ́ni nínú. Fúlàní tí wọ́n bí sí Kétu, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí Kétu, òun àti ẹni tó dé lánàá, ọ̀kan náà ni wọ́n níbẹ̀.

Ọmọbìnrin Fúlàní kan ṣoṣo wà ní kíláàsì náà. Kò sọ nǹkan kan títí aago fi lù. Nígbà tí àwọn yòókù ti jáde, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń nu pátákó. Ó ní bàbá òun kó acte de naissance òun àti ti àwọn àbúrò òun sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, ó so ó mọ́ òpó ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, pé bí ilé bá ń jó, òun ni kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ gbé.